Ìyá Látífàt Wọ Ọjà Fez

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Látífàt Akínbọ̀dé jẹ́, ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Castleridge, ní Calgary ti ilẹ̀ Kánádà. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló wà lára ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Iyọ̀ tí a ń dà sórí yìnyín kí èèyàn má baà yọ̀ ṣubú, oṣù September ló ti rà á jọ, nígbà tí snow kan kò tíì bọ́. Akínlabí ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá sín lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó òun á ti máa wá nọ́ńbà ambulance. Àwa ará àdúgbò náà máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ má dá wa lóhùn. Ẹni tó kàn ló mọ̀.

Kì í ṣe pé wọ́n bí ẹ̀rù mọ́ ọn o. Ní Abẹ́òkúta tó dàgbà sí, ẹ̀yìn ọ̀kadà ló máa ń jókòó sí láì di ẹnikẹ́ni mú, tí á sì máa jẹ gúgúrú lọ. Nọ́ọ̀sì ni. Ó dé Calgary pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ kan, ó fi ọdún méjì wẹ àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kò ráhùn. Ọdún kẹta ni nǹkan yí padà. Ó jí lọ́jọ́ kan, ó rí ìpè mẹ́rìndínlógún lórí fóònù tó ti pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ alẹ́ ló ti dé. Bàbá rẹ̀ ti kú ní ìrọ̀lẹ́ ti Abẹ́òkúta. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kì í gbé òkú pamọ́. Kí Látífàt tó la ojú ní Calgary, wọ́n ti kírun sí bàbá lára, wọ́n ti sin ín, àwọn èèyàn ti jẹun tán. Kò lè lọ sílé nítorí pé ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ PR, ìwé àṣẹ láti máa gbé níbẹ̀ títí láé. Láti ọjọ́ náà, kò pa ohùn fóònù mọ́ rí, bí fóònù bá sì dún, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já ná kó tó wo ẹni tó ń pè. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ìyá nìkan ló kù. Orí ìyá náà ló wá da gbogbo ẹ̀rù yẹn lé. Aláró ni Alhaja Mùsílíátù, láti ọmọge ló ti ń pa àdìrẹ láró tó ń tà á ní ọjà Ìtòkú. Látífàt ní kó má gun ọ̀kadà mọ́. Ó ní kó má wọ balùwẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tutù. Nígbà tí Alhaja fẹsẹ̀ kọ ní ìsọ̀ lọ́jọ́ kan, tí orúnkún rẹ̀ bó díẹ̀, Látífàt sunkún lórí fóònù títí ìyá fi ti ìsọ̀ náà pa. Ọdún mẹ́ta nìyẹn. "Ẹ jókòó sílé, màámi, èmi á máa tọ́jú yín." Ìyá jókòó sílé lóòótọ́, Látífàt sì ń tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ dáadáa ni, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ ọn.

Nígbà tí físà jáde pé kí Alhaja wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ ní Calgary, ohun kan ṣoṣo ló tọrọ. Ọmọ ẹgbẹ́ Tíjánì ni láti kékeré. Ìlú Fez ní ilẹ̀ Mòrókò ni wọ́n sin Ṣéù Tíjánì, olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ náà, sí, ọkọ̀ òfurufú tí yóò gbé e bọ̀ yóò sì gba Mòrókò kọjá. Alhaji Ọláoyè máa ń kó èrò láti Abẹ́òkúta lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Alhaja ní òun fẹ́ bá wọn lo ọjọ́ márùn-ún, kí òun jókòó síbi síkírì, ìrántí Ọlọ́run tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀, ní mọ́ṣáláṣí Ṣéù, kí òun tó máa bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Látífàt kọ̀. Ìlú àtijọ́ tí odi yí ká, tí ọ̀nà rẹ̀ há, tí mọ́tò kò lè wọ̀? Ta ni yóò gbé e bó bá ṣubú? Akínlabí ló bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi gbà, ṣùgbọ́n ó gbà á pẹ̀lú òfin. Ó ra báàgì kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn, ó fi ránṣẹ́ sílé. Fóònù, ìwé ìrìnnà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, káàdì hòtẹ́ẹ̀lì, owó díẹ̀, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn máa wà. "Màámi, ẹ má bọ́ báàgì yìí lọ́rùn o. Ẹ fi sùn. Bí ẹ bá sì ti jáde, ẹ pè mí lórí fídíò."

Jímọ̀ kan nínú oṣù October ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Látífàt wà ní off, Akínlabí ti wọ train lọ síbi iṣẹ́, Àràmídé ọmọ wọn, ọmọ ọdún méjìlá, wà nílé nítorí pé àwọn olùkọ́ ń ṣe ìpàdé. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, fóònù dún. Àyà Látífàt já gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ojú ìyá rẹ̀ ló yọ, oòrùn ọ̀sán Fez sì ń tàn sí i lára.

"Látífàt, wo ẹnu odi!" Alhaja yí fóònù síta. Ẹnu ọ̀nà ńlá kan dúró gbagidi, búlúù ni wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ láti òkè dé ilẹ̀. "Aró rèé! Aró gidi rèé!" Nígbà tí wọ́n wọ inú, ó yí padà, ó ní kí ọmọ òun wá wo ẹ̀yìn ẹnu odi kan náà, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi ṣe é. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ọjà. Nítorí pé ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ti ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń tà: ólíífì tí wọ́n kó jọ ní òkítì òkítì, ewé míńtì, bàtà aláwọ tó pupa fòò, orí ràkúnmí tí alápatà gbé kọ́ síta tòun ti ojú rẹ̀. Àràmídé yọjú sí fóònù.

"Ew! Grandma, is that real?"

Látífàt kò rí ìkankan nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló ń wò. "Màámi, ẹ wo ilẹ̀. Màámi, òkúta yẹn ń yọ̀. Màámi, ẹ rọra." Ó rí i pé ìyá ń mí gulegule. Báàgì ń fì lọ́rùn rẹ̀, ọ̀rá bàtà tó rà wà lọ́wọ́ kan, fóònù wà lọ́wọ́ kejì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni Tàíbátù wà, ọ̀dọ́bìnrin kan nínú àwọn èrò tí Alhaji Ọláoyè kó wá, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó ń rìn lọ́wọ́ òfo. Inú bí Látífàt. Àgbàlagbà ń gbé ẹrù, ọmọdé ń ju apá! Ta ló kọ́ èyí nílé?

"Tàíbátù," ó ké láti Castleridge, "jọ̀ọ́, bá màámi gba ẹrù wọn."

Ojú ti Tàíbátù. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo ti fẹ́ gbà á tẹ́lẹ̀, wọn ò gbà ni." Ó gba ọ̀rá. Ó gba fóònù. Alhaja ní kó fi ti ọrùn sílẹ̀, Tàíbátù ní láéláé, àwọn èèyàn á bú òun. Ó bọ́ báàgì náà lọ́rùn ìyá, ó gbé e kọ́ ọrùn ara rẹ̀. Látífàt sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o! Ó ní, "O ṣeun, Ọlọ́run á fún ẹ lọ́mọ tó máa gba tìẹ."

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà. Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti há débi pé èèyàn méjì kò lè rìn pọ̀. Látífàt gbọ́ ọkùnrin kan tó ń pariwo "Bálákì! Bálákì!" pé kí èèyàn yà lọ́nà, ó rí ìbaaka tí wọ́n di awọ ẹran gègèrè lé lẹ́yìn, gbogbo èèyàn lẹ̀ mọ́ ògiri, fóònù dojú kọ ògiri, kò rí nǹkan kan mọ́. Nígbà tí ìbaaka kọjá, Tàíbátù tún gbé fóònù sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màámi dà?" ni Látífàt bi í.

"Wọ́n wà lẹ́yìn mi níbí." Ó yí padà, fóònù yí pẹ̀lú rẹ̀. Ògiri. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Ológbò kan. Ó tún yí. "Alhaja? Alhaja o!"

"Tàíbátù, màámi dà?"

"Àǹtí, ibí ni wọ́n wà nísìnyí."

"Báàgì wọn ńkọ́? Báàgì ọrùn wọn?"

Tàíbátù fọwọ́ kan àyà rẹ̀. "Ọrùn mi ló wà, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbà á."

Yéè! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ilé! Látífàt jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnnì. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin wà nínú ìlú tí kò dé rí, kò gbọ́ Lárúbáwá ju ti orí ìrun lọ, kò gbọ́ Faransé rárá, kò ní fóònù, kò ní ìwé, kò ní oògùn. Kì í sì í ṣe olè ló gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni.

Alhaji Ọláoyè gba fóònù lọ́wọ́ Tàíbátù tó ti ń sunkún. "Látífàt, fọkàn balẹ̀. A ti pín ara wa sí ọ̀nà mẹ́ta. A ó rí wọn lágbára Ọlọ́run." Ohùn rẹ̀ tutù jù. Látífàt mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ohùn tí òun náà fi ń bá ẹbí aláìsàn sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù nìyẹn, nígbà tí nǹkan kò bá dára.

Ó dìde jókòó sórí àga, ó fa laptop sọ́dọ̀, ó ṣí máàpù Fez. Kí ló rí? Òwú tó ta kókó. Àìmọye ọ̀nà tóóró, òmíràn já sí ara wọn, òmíràn kò já síbì kankan. Ó wá aago tí oòrùn máa wọ̀ níbẹ̀, ó rí i pé aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Wákàtí méje ni wọ́n fi ṣíwájú Calgary. Ó kà á lórí ìka. Kí aago méjìlá tó lù lọ́sàn-án ní Castleridge, ilẹ̀ á ti ṣú mọ́ ìyá òun. Níta fèrèsé, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni, aládùúgbò kan ń gbá ewé jọ níwájú ilé rẹ̀. Ó juwọ́ sí Látífàt. Látífàt kò mọ̀ bóyá òun dá a lóhùn.

Aago mẹ́sàn-án lù. Alhaji pè pé wọ́n ti wo àárín àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà, kò sí níbẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá. Ó tún pè pé àwọn ti gun òrùlé ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ, àwọn ti wo àárín àwọn kòtò náà.

"Kòtò wo?" Látífàt fò dìde. "Alhaji, kòtò wo? Ṣé èèyàn lè já sí i?"

"Kòtò tí wọ́n ń rẹ awọ sí ni, ọmọ mi. Kò sí níbẹ̀. Mo ní kò sí níbẹ̀."

Látífàt tún jókòó sílẹ̀. Bó bá di ojú, ìyá rẹ̀ ló ń rí nínú kòtò. Bó bá la ojú, á rí i tó jókòó sí ẹsẹ̀ ògiri kan, tí ẹ̀jẹ̀ ti ru sí i lórí, tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, tí àwọn èèyàn ń kọjá lára rẹ̀, tí wọ́n rò pé alágbe ni. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ gbogbo bí ikú ṣe ń wọlé. Akínlabí pè láti ibi iṣẹ́. "Báàgì tó o rà fún wọn ńkọ́?" "Tàíbátù ló gbà á." "Kí ló dé tó fi gbà á?" Látífàt ní nẹ́tíwọọkì kò dáa, ó pa fóònù. Nígbà ti bàbá, oorun ló gbé e lọ, kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Lọ́tẹ̀ yìí ojú rẹ̀ là kedere, òun fúnra rẹ̀ ló sì tún bọ́ ohun tí yóò gba ìyá là kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó bú sẹ́kún.

Àràmídé wá jókòó tì í nílẹ̀. "Mommy, what does Grandma do on Fridays?"

"Kí ni?"

"Like, every Friday. When nobody's bugging her."

Látífàt wo ọmọ rẹ̀. Jímọ̀. Ní Abẹ́òkúta, bí ìrun Alásárì bá ti kọjá lọ́jọ́ Jímọ̀, aṣọ ì báà wà nínú ìkòkò aró, oníbàárà ì báà dúró lórí rẹ̀, Alhaja á nu ọwọ́, á sì gba ibi síkírì lọ. Ọjọ́ ìgbéyàwó Látífàt fúnra rẹ̀, Jímọ̀ ni. Àárín ayẹyẹ ni wọ́n ti wá ìyá ìyàwó tì. Ó gbá fóònù mú.

"Alhaji, ẹ ti dé mọ́ṣáláṣí Ṣéù?"

"A ò tíì débẹ̀ lónìí. Báwo la ṣe máa lọ jókòó síbi síkírì nígbà tí Alhaja sọnù? Ìgboro ni gbogbo wa wà."

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà náà?"

Alhaji fọwọ́ lu iwájú orí. "Súbúhánálláhì," ó wí.

Wọ́n sáré. Látífàt bá wọn sáré lórí fídíò, ògiri ń fò kọjá, èémí Alhaji ń hó bí ìkòkò. Bí wọ́n bá dé oríta, àwọn ará ọjà á wo aṣọ wọn, wọ́n á ní "Tíjánì, Tíjánì", wọ́n á na ọwọ́ sí ọ̀nà. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Tàíbátù bọ́ bàtà, ó gba fóònù, ó wọ ibi tí àwọn obìnrin wà. Ohùn síkírì gba inú fóònù kan. Ẹ̀yìn àwọn obìnrin ni Látífàt ń wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, aṣọ funfun, aṣọ aláwọ̀ ewé, àwọn ará Senegal fìrìgbọ̀n. Èyí kọ́. Èyí náà kọ́. Àràmídé gbé ọwọ́ lé e léjìká. Lẹ́bàá òpó kan níwájú, obìnrin kan tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ òsì, tẹ̀sùbáà ń yí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màámi!"

Alhaja la ojú kan. Ó gbé ìka sókè pé kí wọ́n dúró ná, ó tún pa á dé. Nínú èèyàn mẹ́rìnlá tó ti Abẹ́òkúta wá nítorí síkírì yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló ráyè jókòó síbẹ̀, ẹni tó sọnù náà ni.

Nígbà tó jáde tó gba fóònù, igbe ni Látífàt fi kí i. "Kí lẹ ṣe fún mi báyìí, màámi? Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Wákàtí mẹ́ta! Mo ti rò pé ẹ ti kú!"

Alhaja jẹ́ kó sunkún tán. Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún síwájú fóònù. Láti ìka dé ọrùn ọwọ́, ó ti di búlúù. "Ìbaaka yẹn tì mí sínú ọ̀nà kékeré kan. Mo fẹ́ padà ni mo rí omi tó ń ṣàn nílẹ̀, aró ni. Mo tẹ̀ lé e. Òpópó àwọn aláró ni, Látífàt! Bàbá arúgbó kan ń pa òwú láró. Kò gbọ́ èdè mi, mi ò gbọ́ tiẹ̀. Mo fọwọ́ júwe pé iṣẹ́ mi nìyí, ó rẹ́rìn-ín, ó sún fún mi nídìí ìkòkò."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó bà mí! Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ tí mi ò mọ ọ̀nà mọ́, ó kù díẹ̀ kí n jókòó sílẹ̀ kí n sunkún. Mo wọ ibì kan tó ṣókùnkùn, mo sáré jáde. Mo wá dá obìnrin kan dúró, mo ní 'Tíjánì'. Ta ni kò mọ Ṣéù nílùú yìí? Èèyàn mẹ́rin ni mo bi kí n tó débẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rù tó jẹ́ tèmi ti bà mí gbẹ̀yìn. Tìẹ ni mo ń bá ẹ gbé kiri láti ọdún mẹ́ta."

Látífàt nu ojú. "Monday lẹ máa dé, màámi. Irú èyí ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ máa sinmi."

"Àràmídé sọ fún mi pé o ti fi kámẹ́rà sínú yàrá mi."

Àràmídé rọra dìde, ó yọ́ kúrò ní kíṣìnnì.

"Nítorí kí ẹ má baà ṣubú ni, màámi."

"Mo mọ̀. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Bàbá ẹ lọ nígbà tó ò sí nílé, mo mọ bó ṣe dùn ẹ́ tó. Mi ò wá lè torí ẹ̀ jókòó sínú yàrá kó o máa wò mí títí tèmi náà á fi dé. Ní Monday, ọkọ̀ òfurufú méjì ló máa gbéra. Àwọn Alhaji ń padà sílé, èmi ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ. Tó bá jẹ́ pé mi ò ní lè dá jáde lọ wo ọjà, lọ kí èèyàn, lọ kírun, sọ fún mi nísìnyí kí n bá wọn padà. Èwo ni kí n wọ̀?"

Látífàt rí ìyá rẹ̀ lọ́kàn, lórí yìnyín nínú oṣù January. Ó rí i ní bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù nínú òtútù tó ń gé etí, ó rí i láàrin èrò ní ilé ìtajà Sunridge, tó ń bi ẹni tí kò dáhùn. Ẹ̀rù àárọ̀ yẹn, ọjọ́ kan péré ni. Èyí tí wọ́n ń bi í yìí, ojoojúmọ́ ni yóò máa jẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa sọ pé ó dàbọ̀.

"Èyí tó ń bọ̀ síbí ni kí ẹ wọ̀, màámi."

"Àti pé?"

"Ẹ máa jáde." Ó sún mọ́ fóònù. "Ẹ máa dá jáde. Ẹ̀rù á máa bà mí ṣá."

"Kó máa bà ẹ́. Ẹ̀rù ò pààyàn." Wọ́n ti ń pe ìrun Mọ̀gàríbì lẹ́yìn rẹ̀. "Jẹ́ kí n lọ kírun. Ó dàbọ̀."

Alhaja fúnra rẹ̀ ló pa fóònù. Látífàt kò tíì bi í bóyá ó ti lo oògùn rẹ̀. Kò tíì bi í ẹni tó máa mú un padà sí hòtẹ́ẹ̀lì nínú òkùnkùn yẹn. Ó gbé ìka sókè orúkọ ìyá rẹ̀ lójú fóònù, ó tún yọ ọ́ kúrò. Kò pè é padà.